Ibà Wo, Ìbà Wo?

Bí ẹ bá dé Ìbà tí ẹ ń béèrè Ọ̀ṣúnkẹ́mi, wọn á ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá ní Ìyá Ìbejì lẹ ń wá, wọn á bi yín pé èwo nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní, "Ìyá Ibà-Wo ńkọ́?" ẹ̀rín ni wọn á kọ́kọ́ rín, lẹ́yìn náà ni wọn á nawọ́ sí ilé Bàbá Ìdírísù, ilé tí kànga wà lẹ́yìn rẹ̀. Orúkọ yẹn kì í ṣe èébú. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ máa ń dáhùn sí i, àfi tó bá jẹ́ pé orí ń fọ́ ọ.

Ọmọ Ẹ̀gbá ni, láti Abẹ́òkúta. Páálí òfìfo ló ń rà ní Àlàbá. Bí àwọn oníṣòwò bá ti yọ tẹlifíṣọ̀n àti fáànù inú páálí, òun á kó òfìfo, á tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ, á dì í lókùn, á gbé e lọ bá àwọn tó ń di ẹrù ránṣẹ́ sí Òkè Ọya. Iṣẹ́ yìí ló kọ́ ọ pé ohun tí wọ́n kọ sára páálí, ọ̀tọ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀, ọ̀tọ̀. Ó ti rí páálí tẹlifíṣọ̀n tó kún fún ẹ̀gúsí. Ó ti rí páálí ọṣẹ tí adìẹ ń sàba nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá na ìwé sí Ọ̀ṣúnkẹ́mi, ẹ̀yìn ìwé ni yóò kọ́kọ́ yí wò.

Ká sòótọ́, ìfura obìnrin yìí pọ̀ jù. Bí wòlíì bá ríran sí i ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tó ń lọ ní Okokomaiko, á rọra lọ bá wòlíì mìíràn, á bi í bóyá òun náà rí i. Bí ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ lo oògùn, òun ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, á jókòó, á máa wo ara rẹ̀ bóyá nǹkan fẹ́ ṣẹlẹ̀, kó tó fún ọmọ. Àwọn aládùúgbò á fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Á ní kí wọ́n máa rín in, pé ìfura loògùn àgbà. Pańṣá ò fura, pańṣá já sí iná.

Ẹ má bá a wí ṣá. Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ìbejì ni obìnrin yìí bí. Táyé ò tíì rìn dáadáa nígbà tí ara rẹ̀ gbóná, ìyá rẹ̀ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta oògùn lẹ́bàá títì. Ọkùnrin náà gún ọmọ lábẹ́rẹ́, ó ní kí wọ́n máa lọ, pé tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, á ti máa ṣeré. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Táyé ti lọ sọ́jà. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń sọ ọ́, nítorí a kì í sọ pé ìbejì kú. Ọ̀ṣúnkẹ́mi ò béèrè ohun tó wà nínú abẹ́rẹ́ náà lọ́jọ́ yẹn. Ìyẹn gan-an ló ń dùn ún. Bí wọ́n bá ti pè é ní Ìyá Ìbejì, ó máa ń dà bíi pé wọ́n ń bi í ní ohun tí òun kò bi ẹni tó lábẹ́rẹ́. Láti ìgbà náà ló ti ń béèrè ohun gbogbo lọ́wọ́ gbogbo èèyàn.

Ọdún 1991 ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹ̀hìndé, ìbejì tó kù, ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ìyá rẹ̀ ní ibà ni. Ta ni kò mọ ibà? Ó ra hóró oògùn ibà funfun, èyí tó korò bí ewúro. Ó tọ́ ọ wò, ó lọ̀ ọ́ mọ́ ṣúgà, ó fún ọmọ. Ara ọmọ tutù díẹ̀, ó tún gbóná padà. Ó ra irú mìíràn, bákan náà ni. Túnjí, bàbá ọmọ, wa ọkọ̀ ẹrù lọ sí Kánò, kò sì tíì dé. Ó wá ku obìnrin náà àti ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún un.

Ìgbà tó ń ru páálí kọjá ní Ìyànà-Ìbà ló rí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìtọ́jú aláìsàn kékeré kan. Ìwé náà kò ní àmì ohùn kankan lórí. Báyìí ni wọ́n kọ ọ́:

IWADII OOGUN TUNTUN. OFE NI. OMO ONIBA NIKAN NI A O GBA.

Ẹni tó kọ ọ́ mọ ohun tó ní lọ́kàn: ọmọ tí ibà ń ṣe nìkan ni wọ́n ń wá, ibà tí ẹ̀fọn ń fà. Ṣùgbọ́n ní ìlú tí wọ́n ń pè ní Ìbà, níbi tó jẹ́ pé Oníbà ni orúkọ oyè ọba, ta ló máa ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ ò ní lọ sí ààfin? Ọ̀ṣúnkẹ́mi kà á, ó tún un kà, ó yọjú wo ẹ̀yìn ẹnu ọ̀nà bóyá wọ́n kọ ìyókù síbẹ̀. Ọmọ Oníbà nìkan. Ọmọ onílẹ̀ nìkan nìyẹn. Òun tó ti ń gbé Ìbà láti ìgbà tó ti relé ọkọ, ará Ìbà lòun, òun kì í ṣe ọmọ Ìbà. Oògùn tuntun, ọ̀fẹ́, tí wọ́n wá yan ẹni tí wọ́n ó fún? Ó gbé páálí rẹ̀ padà sórí, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé orí ló yọ òun tí òun kì í ṣe ọmọ wọn.

Ó dé ilé, ó bá Bàbá Ìdírísù, onílé rẹ̀, níbi tó jókòó sí tó ń fa tẹ̀sùbáà. Ọmọ bíbí Ìbà ni bàbá yìí, kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé.

"Bàbá, ẹ ṣọ́ àwọn ọmọ yín o," ló wí. "Wọ́n ń wá ọmọ Ìbà ní Ìyànà. Wọ́n ní oògùn làwọn fẹ́ dán wò lára wọn. Mo sì gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbà."

Bàbá Ìdírísù dá tẹ̀sùbáà dúró. "Mo ti gbọ́, Ìyá Ìbejì. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ oògùn, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. Wọ́n ti gba ilẹ̀ wa lọ́tùn-ún, wọ́n ti gbà á lósì. Ó wá kù kí wọ́n mọ iye àwa tó ṣẹ́kù. Ẹ̀jẹ̀ yẹn ni wọ́n ó fi kà wá. Ọmọ tèmi kankan ò ní débẹ̀."

Ṣùgbọ́n Àìná, ìyàwó rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ń gba àṣẹ lórí ọ̀rọ̀ ọmọ. Ara Àdìsá, ọmọ ọmọ wọn, gbóná, ó ń gbọ̀n. Ìyá àgbà pọ̀n ọ́n, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ sí Ìyànà-Ìbà. Wọ́n gbà á wọlé, wọ́n fún un lóògùn. Kò pẹ́ tí Àdìsá fi bẹ̀rẹ̀ sí í lé adìẹ kiri àgbàlá. Àìná dúpẹ́, kò bi ẹnikẹ́ni nípa ìwé tó wà lẹ́nu ọ̀nà, kò kàwé.

Ojú fèrèsé ni Ọ̀ṣúnkẹ́mi ti ń wo Àdìsá bó ṣe ń sáré. Lẹ́yìn rẹ̀, lórí ẹní, Ẹ̀hìndé ò jẹun mọ́. Omi nìkan ló ń béèrè. Ìfura obìnrin náà kò kú. Ó kàn yí ojú padà ni. Ó ní, ẹ wá wo àwọn onílẹ̀ yìí. Wọ́n rí oògùn gidi, wọ́n fi ìwé sé e mọ́ ọmọ tiwọn! Ọmọ àwa tá a wá gba ilé gbé, kó máa kú lọ! Inú bí i débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Ìdírísù. "Bàbá, ẹ yá mi lórúkọ yín."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Kí n lè sọ pé ọmọ Ìbà ni Ẹ̀hìndé."

Bàbá wò ó lọ títí. "Ìyá Ìbejì, kò tíì pẹ́ tó o ní àwa ọmọ Ìbà lágídí. Òní lo wá fẹ́ di ọ̀kan nínú wa?" Ṣùgbọ́n nígbà tó yọjú wo ọmọ tó wà lórí ẹní, àwàdà kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Máa lọ. Ìdírísù ni kó o sọ. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní agbo ilé, ní kí wọ́n wá bi mí."

Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ń jẹ́ Florence, ọmọ Ẹ̀gùn láti Àgbádárìgì, obìnrin tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Ìbéèrè tirẹ̀ pọ̀ ju ti Ọ̀ṣúnkẹ́mi lọ, ìyẹn nìkan sì ti tó láti dáyà já obìnrin náà.

"Ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Kí lẹ fẹ́ fi ọjọ́ orí ẹ̀ ṣe?"

"Màmá, ẹni tó bá ti ju ọdún márùn-ún lọ, a ò gbà á."

"Mẹ́rin ni."

"Níbo lẹ ń gbé?"

"Ìbà. Ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá ẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá bàbá ẹ̀ sí. Ìdírísù ni wá."

Florence gbójú sókè. "Mi ò béèrè ìyẹn, màmá. Kí ilé yín ṣáà má jìnnà, torí ẹ ó máa gbé e padà wá fún àyẹ̀wò."

"A ní ilẹ̀ níbẹ̀ dáadáa," Ọ̀ṣúnkẹ́mi tún fi lé e, kí irọ́ rẹ̀ lè dúró.

"Ó dáa. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yìí, ṣé ó ti lo oògùn ibà kankan?"

Obìnrin tó wà níwájú rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì ti dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ìbéèrè yìí, wọ́n sì ti dá a padà sílé. Ọ̀ṣúnkẹ́mi rí i. Ó rántí hóró funfun, ó rántí ìkejì rẹ̀ náà, ó gbé ojú kúrò lójú nọ́ọ̀sì. "Rárá o. Kò lo nǹkan kan."

Florence wá ṣàlàyé pé kò sí tipátipá, pé ó lè gbé ọmọ rẹ̀ lọ nígbàkigbà tó bá wù ú. Ó ní àwọn ọmọ kan á gba oògùn tuntun, àwọn kan á gba ti tẹ́lẹ̀, kí wọ́n lè mọ èyí tó dára jù. Àwọn tó ń tọ́jú wọn pàápàá ò ní mọ ọmọ tó gba èwo, títí iṣẹ́ yóò fi parí.

"Ẹ ò ní mọ̀?" Ọ̀ṣúnkẹ́mi ló bi í bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgbà tó ti ń ra páálí, kò tíì bá ẹni tó di ẹrù pàdé tó ní òun ò mọ ohun tóun dì. Ó fẹ́ dìde. Ẹ̀hìndé kérora lórí itan rẹ̀, ó sì padà jókòó.

Wọ́n gún ọmọ níka, wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ bíńtín sórí dígí. "Ẹ gbé e síbi tí mo ti lè máa rí i," ló wí. Dígí náà wọ yàrá inú lọ, ilẹ̀kùn pa dé, ojú Ọ̀ṣúnkẹ́mi ò sì kúrò lára ilẹ̀kùn náà mọ́. Ohun gbogbo tó ti gbọ́ lẹ́nu Bàbá Ìdírísù ń padà wá sí i lọ́kàn: ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ó fi kà wá.

Dókítà Oyèkànmí jáde, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dà bíi pé kò sùn dáadáa. "Màmá, a ò lè gba ọmọ yín o. A ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò dáadáa. Kò níbà rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, mo fẹ́..."

Bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì, ibà tó ń ṣe ọmọ yàtọ̀ sí Ìbà tí à ń gbé. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ẹni tó ń kánjú, níbà ni níbà, àgàgà létí ẹni tó ti purọ́. Ohun tí Ọ̀ṣúnkẹ́mi gbọ́ ni pé wọ́n ti wo inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ òun, wọn ò rí Ìbà níbẹ̀. Wọ́n ti rí Abẹ́òkúta. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tirẹ̀ ò tilẹ̀ pé wákàtí kan. Ìtìjú bò ó, ẹ̀rù sì bò ó ju ìtìjú lọ: ẹni tó lè rí ìlú ẹni nínú ẹ̀jẹ̀, kí ni kò ní rí? Ó já ọmọ gbà mọ́ra, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde. Florence sáré tẹ̀ lé e dé etí títì, ó ń pariwo, "Màmá! Ẹ padà! Inú ọmọ yẹn, ẹ jẹ́ ká wo inú ẹ̀!" Ọ̀kadà tó gùn ti gbéra. Ariwo rẹ̀ gbé ìyókù mì.

Nígbà tó ròyìn fún Bàbá Ìdírísù, bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó fi tẹ̀sùbáà sílẹ̀.

"Wọ́n rí i nínú ẹ̀jẹ̀?"

"Dókítà fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́, Bàbá. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò níbà."

Bàbá Ìdírísù bojú wẹ̀yìn. Ìyá tó bí bàbá rẹ̀ wá láti ìhà Ọ̀yọ́, ohun tí wọn kì í sọ níwájú àlejò. Ẹjọ́ ilẹ̀ kan sì wà ní kóòtù tó ti búra lé lórí pé ọmọ Ìbà lòun tọ̀tún-tòsì. Ó fọwọ́ pa apá ara rẹ̀ níbi tí iṣan ti yọ, bí ẹni tó fẹ́ bá ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó má tú òun fó. "Ẹ̀rọ burúkú rè é," ló wí níkẹyìn. "Kò dáa kí irú ẹ̀ wà nílùú."

Àìná ń ṣa ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. "Ìyá Ìbejì, kí ni dókítà sọ gan-an? Sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́."

"Ó ní àwọn ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò. Kò níbà rárá."

Awo ìrẹsì bọ́ lọ́wọ́ ìyá àgbà. "Yéè! Ibà! Ibà tó ń múni gbọ̀n! Ohun tí wọ́n wò lára Àdìsá náà nìyẹn, wọ́n ní tiẹ̀ níbà, ìyẹn ni wọ́n fi gbà á! Ta ló ń wá Ìbà nínú ẹ̀jẹ̀? Ìyá Ìbejì, wọ́n ní kì í ṣe ibà ló ń ṣe ọmọ rẹ!"

Ọ̀ṣúnkẹ́mi wo Ẹ̀hìndé lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ètè rẹ̀ ti gbẹ, ikùn rẹ̀ wú díẹ̀. Gbogbo hóró tó ti lọ̀, gbogbo ṣúgà. Kì í ṣe ibà. Kí wá ni? Ìbéèrè kan ṣoṣo tó yẹ kó bi dókítà nìyẹn, òun tó ń bi gbogbo ayé ní ìbéèrè ló sì sá lọ láì bi í. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyí. Ó figbe ta, ó da ọmọ sẹ́yìn, ó sáré jáde láì wọ bàtà.

Florence ló kọ́kọ́ rí i lókèèrè. Kí ẹnikẹ́ni tó bi í ní nǹkan, Ọ̀ṣúnkẹ́mi ti ń tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. "Irọ́ ni mo pa. Ẹ̀gbá ni mi. Bàbá ẹ̀ náà, Ẹ̀gbá ni. Mo sì ti fún un lóògùn ibà, irú méjì. Ẹ ṣáà bá mi wo ọmọ mi."

"Ẹ̀gbá tàbí Ìjẹ̀bú, kí ló kàn wá?" Dókítà ti tẹ́ ọmọ sórí tábìlì, ó ń tẹ ikùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oògùn yẹn, màmá, ó kàn wá gidi. Oògùn lè fi ibà pamọ́ fún wa nínú ẹ̀jẹ̀, ká máa wò ó, ká má rí i. Ìdí tí a fi ń béèrè nìyẹn." Ó tún tẹ ikùn ọmọ, Ẹ̀hìndé ké. "Inú ni ọ̀rọ̀ wà. Bí a bá ti gbà á, tá a fún un lóògùn tiwa, gbogbo wa á jókòó, a ó máa retí pé kó sàn, ohun tó ń ṣe é á sì máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Omi wo ló ń mu?"

"Omi kànga ilé wa ni."

"Ṣé ẹ máa ń sè é?"

Ọ̀ṣúnkẹ́mi mirí pé rárá. Ó ti fura sí oògùn, ó ti fura sí wòlíì, ó ti fura sí dókítà àti sí onílé. Ó ti tọ́ gbogbo nǹkan wò kí ọmọ tó fẹnu kàn án. Omi yẹn, àtàárọ̀ dalẹ́ ló ń bu fún un, pàápàá láti ìgbà tí ara rẹ̀ ti gbóná, kò sì bi í léèrè rí. Ó wá rántí ṣálángá tí Bàbá Ìdírísù gbẹ́ lọ́dún tó kọjá, bó ṣe sún mọ́ kànga tó.

Wọ́n fi ọkọ̀ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Táífọ́ọ̀dù ni wọ́n bá níbẹ̀. Ẹ̀hìndé pẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó rù kanlẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ń bi gbogbo nọ́ọ̀sì ní orúkọ gbogbo ohun tí wọ́n ń fún un, títí wọ́n fi ń sá fún un. Túnjí ti Kánò dé bá wọn níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọmọ kọ́kọ́ ní òun fẹ́ jẹ ẹ̀bà, ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún bí ẹni tí wọ́n nà.

Ìgbà tí wọ́n padà délé, kò kí ẹnikẹ́ni kó tó kọjá sẹ́yìnkùlé. Ó tú páálí kan tó tóbi jù lọ nínú ẹrù rẹ̀, ó tẹ́ ẹ bo ẹnu kànga. Bàbá Ìdírísù jáde sí i, ojú rẹ̀ le.

"Ìyá Ìbejì, kànga bàbá mi nìyẹn. Ta ló fún ọ láṣẹ? Ṣé ìwọ lọmọ Ìbà ni?"

Àìná ti ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń sọ pé kó fi obìnrin náà sílẹ̀, pé bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Ọ̀ṣúnkẹ́mi ò gbóhùn sókè. Ó nàró, ó di Ẹ̀hìndé lọ́wọ́ mú.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi, wọn ò rí Ìbà níbẹ̀. Inú ẹ̀ ni wọ́n ti rí i."

Bàbá Ìdírísù wo ọmọ náà, ó wo ọrùn rẹ̀ tó ti tín-ín-rín. Ó wo ṣálángá. Afẹ́fẹ́ ń gbé etí páálí sókè. Bàbá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó gbé búlọ́ọ̀kù kan wá, ó fi tẹ etí páálí náà mọ́lẹ̀, ó sì padà lọ gbé òmíràn.